Bí Ohùn Màmá Àgbà Ṣe Fo Ọgbà Bàbá Kékeré

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Àdúgbò Ìmọ̀wọ́,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, 1987.

Ọmọlará mi, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Mo kí ọ kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Ṣé ara le? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Albert ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ilé-ìwòsàn ṣì ń jẹ́ kó ráyè jẹun nílé? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ lọ́jọ́ sí ti yọ tán, àbí ó ṣì ń fi ẹkún jí yín? Gbogbo wa níhìn-ín wà dáadáa. Ìyá mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń rí gàrí tó kan dáadáa jẹ lọ́hùn-ún. Mo ní kò sí gàrí tó kan tó ti Ìjẹ̀bú lókè ọ̀hún, ló bá ní òun á fi ránṣẹ́. Nítorí náà, máa retí rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ìgbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ohun tó gba ọwọ́ mi ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ yìí. Wá ibi jókòó sí kó o tó ka èyí tó kù. Bí ọmọ bá ń ké, gbé e fún bàbá rẹ̀.

O bi mí léèrè bóyá mo ṣì ń tú ikùn rédíò onírédíò. Mo ṣì ń tú u o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Òdógbolú, níbi tí mo ti ń kọ́ wọn ní físíìsì, ti sọ mí ní Àǹtí Wáyà. Mo sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí kọjá rédíò títú. Lará, bí mo bá ń yangàn díẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, gbà fún mi. Adìyẹ tó yé ẹyin kan ṣoṣo pàápàá ń ké kí ayé gbọ́.

O mọ ilé wa, o ti wá lo ìsinmi níbẹ̀ rí nígbà tí a wà ní Pólì. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà, jẹ́ kí n tò ó fún ọ. Ilé bàbá mi ló wà lójú títì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì George, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni ilé alámọ̀ àtijọ́ tí Màmá Àgbà ń gbé, ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Màmá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun kúrò níbẹ̀, torí inú ilé yẹn ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. Nígbà tí o wá, ọ̀nà tóóró kan wà tó gba àgbàlá Bàbá Kékeré kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu rẹ, o ti débẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọ̀nyí jà lórí ààlà ilẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà ba lẹ́tà mi jẹ́. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní bàbá mi ló jàre. Bàbá Kékeré kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ pe káfíńtà, ó fi pákó ṣe ọgbà dí ọ̀nà náà pa, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́ bàbá mi. Bàbá mi náà, o mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ kí ẹni tó kéré sí i. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rí Màmá Àgbà ní láti gba ojú títì, kó yí gbogbo àdúgbò po kó tó dé ẹ̀yìn.

Fún èmi tí ẹsẹ̀ mi le, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bàbá mi rọ. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó tún dìde, ó ń fi ọ̀pá rìn, àmọ́ ẹnu géètì ni òpin ìrìn rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ gbé òun. Bí kò ṣe rí ìyá rẹ̀ mọ́ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé bí àkùkọ bá kọ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, inú pálọ̀ wa la ti ń gbọ́ ọ.

Ní oṣù kẹfà, ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀, Màmá Àgbà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ó pè títí. Bàbá Kékeré wà níbi iṣẹ́, Susannah ìyàwó rẹ̀ wà lọ́jà, òjò sì ń lu páànù. Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń bá wa gbé, tó máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ló bá a nílẹ̀ tí ara rẹ̀ ti tutù bí omi àmù. A dúpẹ́, eegun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, tí mo ń fi aṣọ gbígbẹ bò ó, ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ ṣáá.

“Mọ́ṣádé, mo pe Àkànní, mo pe Jọ́ọ̀jì. Àwọn méjì yìí náà ló kù fún mi láyé, kò sì sí èyí tó gbọ́.”

Àkànní ni oríkì bàbá mi. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un nígbà tí mo délé. Mo wọ yàrá, mo sunkún mi tẹ́rùn, mo sì gbé irin tí mo fi ń yọ́ òjé lẹ wáyà pọ̀ jáde.

Àpótí kan ni mo kọ́kọ́ ṣe, kò tóbi ju àpótí bàtà lọ. Mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀ bàbá mi, mo sọ ọ́ ní Ìyá Àpótí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ohùn á máa gbà. Láti ara rẹ̀ ni mo ti fa wáyà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn sípíkà kéékèèké: ọ̀kan ní yàrá mi, ọ̀kan nílé ìdáná, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi níwájú ilé. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan ń bá ẹni tó wà lọ́dọ̀ èkejì sọ̀rọ̀. Bí bàbá mi bá ń fẹ́ omi, kò tún pariwo mọ́. Á tẹ súìṣì, á ní òun fẹ́ omi, ìyá mi á sì dá a lóhùn láti ṣọ́ọ̀bù pé kó ní sùúrù, oníbàárà ń bẹ níwájú òun. Gbogbo ìyẹn ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Àmọ́ ọmọ tí mo torí rẹ̀ bí àwọn yòókù ni ti Màmá Àgbà, wáyà tirẹ̀ sì ní láti gba ilẹ̀ Bàbá Kékeré kọjá.

Mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dópin, ó tilẹ̀ ní kí ìyàwó rẹ̀ fún mi ní mínírà.

“Mọ́ṣádé, ọmọ mi ni ọ́,” ló wí. “Mi ò ní nǹkan kan sí ọ. Ṣùgbọ́n wáyà tó bá ti ilé bàbá rẹ wá, kò ní gba orí ilẹ̀ mi kọjá.”

“Ẹ̀yin Bàbá, Màmá ni wáyà náà wà fún.”

“Mo mọ̀. Mu mínírà rẹ kó tó gbóná.”

Mo mu mínírà, mo dìde. Mo gbìyànjú láti gba ojú títì, mo gbé wáyà kọ́ sórí òpó láti ibì kan dé ibì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó gẹdú bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó fi orí igi fa gbogbo rẹ̀ já, ó sì ń wọ́ ọ lọ bí ìrù. Awakọ̀ náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ìyá mi dúró tì mí lójú ọ̀nà, ó ní, “Ó tó, ọmọ mi. O ti gbìyànjú.” Lará, o mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú láyé tó “o ti gbìyànjú.”

Ràsákì ni mo lọ bá. Òun ló ń tún rédíò àti tẹlifísọ̀n ṣe lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, a jọ máa ń yá ara wa ní ohun èlò. Mo ṣe bí ẹni ń ṣàwàdà, mo ní kó bá mi wá wáyà tí kò ní fara kan ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé wọ́kì-tọ́kì méjì sílẹ̀, irú èyí tí ọlọ́pàá máa ń gbé lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà ló tà á fún un nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn. Ó ní, “Àǹtí, ilẹ̀ ní olówó. Ta ló ra òfúrufú?”

Mo kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ná, torí mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn bàbá mi. Àṣẹ náà pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀: wọ́kì-tọ́kì kan á wà lọ́wọ́ Màmá Àgbà, èkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àpótí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́kì-tọ́kì kò gbọ́ èdè Ìyá Àpótí, Ìyá Àpótí náà kò sì gbọ́ tirẹ̀. Wáyà ni ọ̀kan mọ̀, afẹ́fẹ́ ni èkejì mọ̀. Mo ní láti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí á jókòó láàárín wọn, tí á máa gba ohùn inú afẹ́fẹ́ fún Ìyá Àpótí, tí á sì máa gba ti Ìyá Àpótí jù sí afẹ́fẹ́. Mo sọ ọ́ ní Alárinà, torí bí alárinà ìgbéyàwó gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ rí, kó gbọ́ ti ìhín, kó gbọ́ ti ọ̀hún, kó má sì fi tirẹ̀ kún un.

Alárinà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí agbọ́n. Mo rí i pé iná ilé ló ń dà á láàmú, mo bá yọ bátìrì mọ́tò Pijó bàbá mi tó ti dúró látìgbà àìsàn rẹ̀, mo gbé e lọ gba iná, mo so ó mọ́ ọn, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, páànù orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Kékeré ń dí ohùn lọ́nà. Mo de ẹ́ríà, irin tó ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́, mọ́ orí ọparun gígùn, Ràsákì sì gun igi ọsàn iwájú ilé lọ so ó mọ́ òkè. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ìyẹn ṣe parí, ẹnì kan tó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójijì láti inú wọ́kì-tọ́kì tó wà lọ́wọ́ Màmá Àgbà. Bísí sáré wá sọ fún mi pé Màmá ń dá ọkùnrin náà lóhùn, pé kó rọra, kó má sáré bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń lé e.

Èyí tó wá burú jù ni pé bí Màmá Àgbà bá ti sọ̀rọ̀, Ìyá Àpótí á dákẹ́ fọ́ọ́. Bí Màmá bá dákẹ́, Ìyá Àpótí á máa hó ṣàà. Ràsákì ní ohun kan ti jó nínú Alárinà, àfi ká tú gbogbo rẹ̀ ká tún un ṣe. Mo ní kò jó. A bá ara wa jiyàn títí ó fi lọ kírun. Mo gbé ìwé wa ti Pólì jáde, mo ya gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà sórí bébà, mo sì ń tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo rí i! Súìṣì kékeré kan wà nínú Alárinà tó yẹ kó ṣí ẹnu Ìyá Àpótí nígbàkígbà tí ohùn bá dé. Òdìkejì ló ń ṣiṣẹ́. Bí àlejò bá dé, á ti ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níta, á ṣí i gbayawu. Mo yí wáyà méjì padà, ó tán. Nígbà tí Ràsákì dé, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, mo túúbá.” Ọmọlará, èmi ni mo rí i. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo jó yí tábìlì ká, bàbá mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Ó wá ku kí Màmá Àgbà mọ ẹ̀rọ náà lò. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí o bá tẹ̀ ẹ́, wàá lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o kò ní gbọ́, bí o bá tú u sílẹ̀, wàá gbọ́, ṣùgbọ́n o kò ní lè sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Màmá Àgbà ní, “Ṣebí bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. O ò gbọdọ̀ máa sọ tìrẹ nígbà tó ń sọ tirẹ̀.” Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá.

Ọjọ́ Àìkú la kọ́kọ́ lò ó, lẹ́yìn tí èmi àti ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bàbá mi ti wọ agbádá rẹ̀ dè wá. Ó jókòó níwájú Ìyá Àpótí, ìyá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, èmi ò tilẹ̀ lè jókòó. Àpótí náà kọ́kọ́ hó ṣàà díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn kan jáde, ó tín-ín-rín, ó mọ́ gaara.

“Àkànní.”

Bàbá mi sún mọ́ àpótí náà.

“Àkànní, ṣé o ti jẹun?”

Bàbá mi, tí odindi ilé-ìwé máa ń dákẹ́ fún, ṣí fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. “Mo ti jẹun, Màmá.”

“Kí lo jẹ?”

“Iṣu ni, Màmá.”

“Ṣé wọ́n fi ẹja sí ọbẹ̀ rẹ?”

Ìyá mi ní, “Ẹ sọ fún wọn pé mo fi ẹja sí i o!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú bàbá mi, kò nù ún. Láti ọjọ́ yẹn, ní àràárọ̀, kí ó tó mu tíì, ó ti kí ìyá rẹ̀. Bísí ló ń pààrọ̀ bátìrì nígbà tó bá gbé oúnjẹ lọ. Bí mo bá gbọ́ wọn láti yàrá mi, orí mi á kàn máa wú ni.

Ṣùgbọ́n ìròyìn mi kò tíì parí o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù tó kọjá ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Ìsinmi ráńpẹ́ ni a wà nílé-ìwé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá mi àti Màmá Àgbà ti parí ọ̀rọ̀ wọn, bàbá mi ń mu tíì. Màmá Àgbà fi wọ́kì-tọ́kì sí abẹ́ ìrọ̀rí, bó ti máa ń ṣe, ó sì fara tì í. Kò mọ̀ pé ara òun ti tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń dún, a gbọ́ orin ìsìn tó ń kọ lábẹ́nu. Mo dìde pé kí n lọ bá a tú u sílẹ̀. Nígbà náà la gbọ́ ilẹ̀kùn, a gbọ́ ohùn ọkùnrin.

“Màmá, ẹ káàárọ̀.”

Bàbá Kékeré ni. Láti ọdún mẹ́ta, ohùn yẹn kò dún nílé wa.

“O káàárọ̀, Jọ́ọ̀jì. Ṣé o sùn dáadáa?”

“Mo sùn, Màmá.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹsẹ̀ Bọ̀dá ńkọ́?”

Mo na ọwọ́ láti pa Ìyá Àpótí, torí kò bójú mu kéèyàn máa fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

“Ó ní òun ń rìn dé géètì,” Màmá Àgbà dá a lóhùn.

“Géètì nìkan?”

“Bí o bá fẹ́ mọ̀, lọ bi í.”

“Màmá, ojú ń tì mí. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti gbé òòlù pé mo fẹ́ lọ wó ọgbà yẹn. Bí mo bá débẹ̀, màá rò ó pé bí mo bá wó o, gbogbo ẹbí á ní mo ti wólẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ní ara Bọ̀dá kò yá, mo dé ẹnu géètì wọn, mo padà. Kí ni mo fẹ́ wí?”

“Wí pé ìwọ ni Jọ́ọ̀jì, àbúrò rẹ̀.”

“Kò ní dá mi lóhùn.”

Bàbá mi tẹ súìṣì Ìyá Àpótí, ó pariwo, “George! George, mo ń gbọ́ ọ!” Àmọ́ kò lọ. Níwọ̀n ìgbà tí bọ́tìnì ṣì wà ní títẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tiwa kò lè lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó tún pè é, ó tún pè é. Lọ́hùn-ún, Bàbá Kékeré ń sọ fún Màmá pé òun fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́.

“Ṣe nǹkan sí i, Mọ́ṣádé!”

“Bàbá, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i láti ìhín. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ.”

“Rárá. Ó ní mi ò ní dá òun lóhùn. Ṣé ìwọ lo máa dá a lóhùn ni? Gbé ọ̀pá mi wá.”

Lará, bàbá mi jáde ní géètì. Ó kọjá òpin ìrìn rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo na ọwọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n di òun mú. Mo rán Bísí ṣáájú pé kó lọ dá Bàbá Kékeré dúró lọ́nàkọnà. Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Àbúdù télọ̀, bàbá mi fi ọwọ́ ti ògiri, ó sinmi. Àbúdù sáré gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó ní, “Ẹ jókòó, Tíṣà àgbà.” Bàbá mi ní bí òun bá jókòó, òun ò ní dìde mọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ ti rin gbindin. Àwọn èèyàn ń kí i lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń yọ̀ pé ó ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ju “a dúpẹ́, a dúpẹ́” lọ, ojú rẹ̀ wà níwájú. Mo ti rí bàbá mi níbi tí gómìnà ti ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kò wú mi lórí tó ti ọjọ́ yẹn.

Bísí ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ó ní Màmá Àgbà kò tíì jẹun, pé kí Bàbá Kékeré jọ̀ọ́ bá òun bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá Kékeré mú abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó ń bẹ ìyá tó ti jẹun yó. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ ró. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ńlá, irú èyí tó máa ń sọ ní àpéjọ ilé-ìwé. Ó ní, “Dìde, George. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wá àga fún mi.”

Bàbá Kékeré fò dìde. Àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí i. Ó yí yàrá po, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tún padà, ó wá gbé àpótí ìjókòó Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ wá. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, ó fi í jókòó, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, bí ẹni tó ń wo ohun tó sọnù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Màmá Àgbà wo àwọn méjèèjì, ó bi bàbá mi bóyá ó ti jẹun.

Ìgbà náà ni mo rántí wọ́kì-tọ́kì. Mo fà á yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, bọ́tìnì fò sókè. Ohùn ìyá mi bú jáde nínú rẹ̀, ariwo àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Gbogbo wọn ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kún pálọ̀ wa, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Ta ló gbé e o? Ẹ má tíì gbé e! Ṣé ó ti rí àga fún un?” Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ọgbà náà, pákó kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun náà fẹ́ ọmọ kan lára Ìyá Àpótí. Mo bi í bóyá wáyà ló fẹ́ tàbí ti afẹ́fẹ́. Ó ní wáyà ni, kí n fà á gba ibi tó bá wù mí. Mo fà á gba àárín àgbàlá rẹ̀ gan-an.

Ìròyìn ti tàn ká. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti ní kí n gbé Ìyá Àpótí àti Alárinà wá fi han gbogbo ọmọ ilé-ìwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà kan ní Ayépé ti wá wò ó, ó fẹ́ irú rẹ̀ láàárín ilé rẹ̀ àti ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò. Èmi àti Ràsákì ti ń wá ibi tí a ó ti máa ṣe é, a sì ti ń jiyàn lórí orúkọ ta ni yóò ṣáájú lára pátákó. Ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ mi ni.

Àárọ̀ àná ni mo ń múra ìjáde nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti pálọ̀. Bàbá mi ń bá Ìyá Àpótí jà. Ó ní láti ọjọ́ tí George ti gba tirẹ̀, kì í jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kí Màmá mọ́, kò sì yẹ kí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Bàbá Kékeré ní ẹni tó bá tètè jí ló ni àárọ̀, ṣé òun ló ní kí Bọ̀dá máa sùn bí ọba? Màmá Àgbà ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́, òun ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń wí. Kò sẹ́ni tó panu mọ́. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi bàtà kan dání lọ́wọ́, mo ń gbọ́ àwọn arúgbó méjì tó ń jà bí ọmọdé. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé ọkọ̀ Òdógbolú ń dúró dè mí.

Bá mi kí Albert dáadáa, kó o sì fi ẹnu ko ọmọ wa lẹ́nu fún mi. Bàbá mi ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ń dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ìyá mi, Bísí àti Bàbá Kékeré náà ń kí ọ. Ràsákì ní bí wọ́n bá ń ta bátìrì lọ́pọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, kó o fi tó òun létí. Màmá Àgbà kò rántí ojú rẹ mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti di ọmọ òun, kó o máa wọ aṣọ òtútù.

Èmi ni tìrẹ nígbà gbogbo, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń yangàn,

                                        Mọ́ṣádé Ọnàfọwọ́kàn.